Bàtà Yín Létí Ọ̀sà

Ojú-Ọrẹ, Ọ̀tà.

Bọ́láńlé, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ìyá rẹ ló ń mú ìwé yìí bọ̀ wá fún ọ ní Ìbàdàn. Torí náà, kí o tó ṣí i, gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, fún un lómi mu, jẹ́ kó jókòó. Tó bá ti jókòó tán, wọ yàrá lọ kà á níwọ nìkan. Mi ò fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù. Fóònù ló kó mi sí wàhálà tí mo wà, torí bí mo bá ti gbé e sétí, ẹnu mi máa ń yá ju orí mi lọ. Tí mo bá ń kọ̀wé, mo ṣì lè pa ohun tí kò dáa rẹ́ kí ẹlòmíì tó rí i.

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ. Mo gbọ́ pé fèrèsé yàrá yín kọjú sí ìdí ọsàn, pé atẹ́gùn ń wọlé dáadáa. Ó dùn mọ́ mi.

Ẹnu ṣì ń yà mí, ọmọ mi. Mo lè wà nídìí oúnjẹ báyìí, kí n kàn dá ọwọ́ dúró, kí n máa wo ògiri. Ìyá rẹ á ní, "Bàbá Bọ́lá, ṣé ó tún ti dé?" Èmi á ní ó ti dé. Ohun tó máa ń dé náà ni pé ìwọ Bọ́láńlé, ọmọ tí mo bí, tí mo tọ́, tí mo mọ̀, wọ ọkọ̀ ojú omi láàárọ̀ ọjọ́ kan, o sì lọ sí erékùṣù.

Jẹ́ kí n ro bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa níbí fún ọ, torí ibi tó dùn ni ìwọ wà lọ́jọ́ náà, o ò mọ tiwa.

Láti ìgbà tí o ti wọ ilé ìwé gíga lo ti máa ń pè mí láràárọ̀ kí n tó jáde lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ kì í pọ̀. Wàá ní, "Ẹ káàárọ̀ sà, mo wà lórí ìkúnlẹ̀ o." Èmi á ní kí o dìde, ó parí. Ìyá rẹ sọ pé orí bẹ́ẹ̀dì lo máa ń wà, pé ìkúnlẹ̀ kankan ò sí níbẹ̀. Ìyẹn ò kàn mí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mi ò lè wọ bàtà iṣẹ́ mi kí ìpè yẹn tó wọlé. Nígbà tí ẹ ṣègbéyàwó tán, mo sọ fún ara mi pé ó ti tán nìyẹn, pé ta ni yóò wà ní hónímúùn tí yóò máa rántí bàbá àgbàlagbà kan ní Ọ̀tà. Àmọ́ o pè láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ jí ní Àgbádárìgì, o tún pè lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó wá di àárọ̀ Wẹ́sìdeè, fóònù ò dún.

Mo wọ bàtà ẹsẹ̀ kan, mo fi èkejì sílẹ̀, mo ń retí. Mo pè ọ́, kò lọ. Mo pe Káyọ̀dé ọkọ rẹ, kò lọ. Ìyá rẹ ní kí n fi àwọn ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀, pé oníyàwó tuntun kì í jí ní kùtù. Mo gbà, mo lọ síbi iṣẹ́. Mo pè nígbà tí a jókòó jẹ oúnjẹ ọ̀sán, kò lọ. Ìgbà yẹn ni mo gba nọ́ńbà hòtẹ́ẹ̀lì yín lọ́wọ́ ìyá rẹ. Ọmọbìnrin tó ń gba àlejò níbẹ̀ ló gbé e.

Mo ní, "Ọmọ mi àti ọkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín, ẹ bá mi pè wọ́n."

Ó ní, "Dádì, wọn ò sí nínú rúùmù o. Fóònù wọn wà níbí, wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n lè gba iná. Iná ò sí mọ́jú."

"Ta ni wọ́n sọ ibi tí wọ́n ń lọ fún?"

"Wọn ò sọ fún ẹnì kankan, sà. Mẹgáàdì ló rí bàtà wọn létí omi lẹ́yìn hòtẹ́ẹ̀lì láti àárọ̀. Ti màdáámù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọ̀gá."

Bọ́láńlé, mo fi oúnjẹ sílẹ̀, mo dìde.

O ti gbọ́ ìtàn àgádágodo lẹ́nu mi rí, àmọ́ mi ò rò pé mo sọ ọ́ tán fún ọ. Ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, táńkì ńlá kan wà tí a ti ń ro ọṣẹ pọ̀, apá irin kan wà nínú rẹ̀ tó ń yí. Bí ọṣẹ bá gbẹ mọ́ ọn lára, èèyàn ní láti wọ inú rẹ̀ lọ ha á. Ẹni tó bá máa wọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa iná ẹ̀rọ náà, kó fi àgádágodo tirẹ̀ ti súìṣì pa, kó so páálí tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ mọ́ ọn, kó sì ki kọ́kọ́rọ́ sápò ara rẹ̀. Bí èèyàn mẹ́ta bá máa wọlé, àgádágodo mẹ́ta. Kò sí ọ̀gá tó lè tan ẹ̀rọ yẹn, bó ti wù kí ojú kán an tó, àfi tí ẹni tó wà nínú táńkì bá jáde wá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i.

Nígbà tí ìwọ ṣì ń rá kòrò, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bọ́ sínú táńkì, ó ní kóun yára mú un, kò fi àgádágodo kankan sí i. Èmi ni mo fẹ́ tan ẹ̀rọ. Ọwọ́ mi ti wà lórí súìṣì. Ohun tí mo rí ni sálúbàtà rẹ̀ nídìí àkàbà, ó tò wọ́n síra wọn bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí. Mo gbé ọwọ́ kúrò, mo pe orúkọ rẹ̀. Ó yọ orí síta, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo lọ jókòó sídìí ògiri. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti rí bàtà níbi tó léwu tí mi ò rí ẹni tó ni ín, mi ò lè kọjá láì wá a.

Ọmọbìnrin hòtẹ́ẹ̀lì ò mọ èyí. Bàtà ló sọ fún mi, tirẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọkọ rẹ, létí omi, láti àárọ̀. Ìwọ tí o máa ń sunkún bí òjò bá rọ̀ ní Ojú-Ọrẹ, tí o máa ń dúró sí ojúlé kejì títí màá fi wá gbé ọ kọjá pákó orí gọ́tà. Ìwọ tí wọ́n fẹ́ rì bọmi ní ṣọ́ọ̀ṣì tí o sá lọ fara pa mọ́ sẹ́yìn dùùrù. Kí ni irú ìwọ ń ṣe létí omi?

Mi ò tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo jáde nílé iṣẹ́ tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Orí ọ̀kadà tó ń gbé mi lọ sí Ìyànà Ìyẹsí ni mo wà tí mo fi pe bàbá ọkọ rẹ ní Ìgbẹsà. Ohun tí mo sọ fún un rèé, màá kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́, torí kò yẹ kí n pa á rẹ́. Mo ní, "Bàbá Káyọ̀dé, ọmọ tí ẹ ò kọ́ ti gbé ọmọ tí èmi kọ́ sọnù. Tí nǹkan bá ṣe é, ẹ̀yin ni màá gbà á lọ́wọ́ yín."

Ó wá ní, "Àna mi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí wọn ná."

Mo gé fóònù mọ́ ọn létí.

Nínú mọ́tò tó ń lọ sí Àgbárá, obìnrin kan tó jókòó tì mí bi mí pé, "Bàbá, ṣé kò sí láburú?" Mo ní ọmọ mi àti ọkọ rẹ̀ ni, bàtà wọn ni wọ́n rí létí omi. Obìnrin náà ká ọwọ́ lérí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà sókè, gbogbo ọkọ̀ ń ṣe àmín. Nígbà tí mo fi máa bọ́ọ́lẹ̀, wọ́n ti ń ní kí n mọ́kàn le, pé Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́. Wọ́n ti sin yín tán nínú ọkọ̀ yẹn, Bọ́láńlé. Mo sọ̀kalẹ̀ bí ẹni tó ti ṣòfò.

Mo wọ mọ́tò mìíràn dé hòtẹ́ẹ̀lì yín ní Àgbádárìgì, mẹgáàdì mú mi lọ sẹ́yìn ilé. Mo rí bàtà náà, èyí tó ní òdòdó pupa lórí, tí ìyá rẹ rà fún ọ ní Sángo. Mo gbé e. Àwọn tó wà létí ọ̀sà ní ọkọ̀ kan gbé tọkọtaya kan lọ sí erékùṣù òdìkejì láàárọ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan wà níbẹ̀ tó rò pé òun ń ṣe dáadáa, ó wá dúró tì mí, ó ń ṣàlàyé pé erékùṣù yẹn gan-an ni wọ́n ń kó àwọn ẹrú gbà lọ láyé àtijọ́, pé ẹni tó bá ti dé ọ̀hún kì í padà mọ́. Ó sọ ọ́ tọ̀yàyàtọ̀yàyà bí ẹni tó ń pe èèyàn wá wòran. Mo kọ ẹ̀yìn sí ọkùnrin yẹn, mo ń wo omi.

Oòrùn ti ń lọ sílé nígbà tí ọkọ̀ kan yọ. Mo gbọ́ yín kí n tó rí yín. O ń rẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ kí o rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí, ẹ̀rín tó ń ti ikùn wá, tí èèyàn ò bìkítà ẹni tó ń gbọ́. Àgbọn wà lọ́wọ́ rẹ, aṣọ rẹ tutù dé orúnkún, ọkọ rẹ ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó ń gbọ́n omi jáde nínú ọkọ̀. Ó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àmọ́ kí n má purọ́ fún ọ, ẹ̀rín yẹn ló bí mi nínú jù. Mo ti sọkún yín tán nínú mọ́tò, ẹ̀yin ń jẹ àgbọn.

O mọ ìyókù. Mo pariwo mọ́ ọkọ rẹ lójú àwọn apẹja, lójú ọmọbìnrin hòtẹ́ẹ̀lì àti mẹgáàdì. Mo ní, "Ta ló ní kí o gbé ọmọ mi sórí omi?" Káyọ̀dé wo ojú rẹ, ìwọ náà wo tirẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí yẹ̀pẹ̀ tútù yẹn tòun ti aṣọ dáadáa tó wọ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, Dádì. Èmi ni mo dá a lábàá. Bọ́lá ní òun ò lọ, èmi ni mo fà á."

Mo ní kó má ṣe fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà mi mọ́. Mo ju bàtà sílẹ̀, mo lọ. Nígbà tí mo délé, mo ra àgádágodo tuntun, mo fi sí géètì, torí mo mọ̀ pé ìwọ ní kọ́kọ́rọ́ ti àtijọ́ lọ́wọ́. Ọjọ́ tí o wá kó ẹrù rẹ kí ẹ tó máa lọ sí Ìbàdàn, ìwọ nìkan lo wọlé. Mo mọ̀ pé ọkọ rẹ wà nínú mọ́tò níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. O ní ó kí mi. Mo ń ka ìwé ìròyìn, mo ṣí ojú ewé mìíràn. O kó ẹrù rẹ lọ.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn títí di Sátidé tó kọjá. Ìyá rẹ ń ṣa ẹ̀wà, mo jókòó tì í, mo tún ń sọ ohun tí màá fojú Káyọ̀dé rí. Ó da ẹ̀wà sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá Bọ́lá, ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀. Kì í ṣe òun. Bọ́lá ló ní kí àwọn lọ. Káyọ̀dé ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ."

Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ìwọ fúnra rẹ lo sọ ọ́ fún òun lọ́jọ́ tí o wá kó ẹrù, pé o sunkún, pé o ní kí òun má tíì sọ fún mi.

Mo rò pé mo ti rí ìyàlẹ́nu tán létí ọ̀sà. Mi ò tíì rí nǹkan kan. Ìyá rẹ sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní ẹ kàn fẹ́ wo omi láàárọ̀ ọjọ́ náà ni, atukọ̀ kan wá ń kọjá, ó ní òun lè gbé yín yí ibẹ̀ ká kí tíì yín tó gbóná, ó ní kí ẹ bọ́ bàtà torí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ òun tutù. Ọkọ rẹ ní rárá, pé o ò lè ṣe é. O ní ìwọ fẹ́ lọ. Nígbà tí ẹ dé àárín omi, atukọ̀ ní òkun wà lẹ́yìn erékùṣù, ọ̀nà ibẹ̀ ò jìn, o tún ní kó máa gbé yín lọ. Ìyá rẹ bi ọ́ pé kí ló dé, ṣé nǹkan bà ọ́ lórí ni? O ní, "Màámi, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rù yẹn ṣì wà níbẹ̀. Mo dé àárín omi, mo wá a títí, mi ò rí i mọ́."

Mo dìde, mo lọ dúró sí ẹ̀yìnkùlé. Mo pẹ́ níbẹ̀. Ọmọ tí mo ti ń gbé kọjá gọ́tà. Mo rò pé mo mọ ohun tó wà nínú rẹ tán, débi pé mo lè bá ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ jà lórí rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ aṣọ dáadáa, mo dé fìlà, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìgbẹsà. O mọ bí ọ̀nà igbó yẹn ṣe rí tí òjò bá ti rọ̀. Bàbá ọkọ rẹ wà lóko ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé, ó ń to igi ẹ̀gẹ́ tó fẹ́ gbìn. O rántí ọjọ́ ìdána yín. Àwọn ni wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún wa, gbogbo ọkùnrin ilé wọn, bó ṣe yẹ kó rí. Bàbá ìyàwó kì í lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ọkọ. Mi ò rí irú ẹ̀ rí, mi ò sì gbọ́ ọ. Mo rò ó títí lórí ọ̀kadà, mi ò rí ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú poro ẹ̀gẹ́.

Ó ju àdá sílẹ̀. Ó ní, "Háà, àna mi, ẹ fẹ́ pa mí ni?" Òun náà dọ̀bálẹ̀ sí iwájú mi. Mo ní kó dìde, ó ní àfi tí èmi bá kọ́kọ́ dìde. Mo ní ó di ìgbà tó bá forí jì mí. Ó ní òun ò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan bí mo bá ṣì wà nílẹ̀. Àgbàlagbà méjì, ọmọ mi, ojú wa kojú, ilẹ̀ tútù lábẹ́ wa, ọlọ́kadà dúró lókèèrè, ó ń wò wá. Mi ò ní sọ fún ọ ẹni tó kọ́kọ́ dìde.

Nígbà tí a jókòó, mo ní kó bá mi pe ìyá Káyọ̀dé, kí n lè bẹ òun náà. Ó ní rárá. Ó ní, "Kò gbọ́ ọ. Mi ò sọ fún un. Tí ìyá ọkọ bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn látẹnu bàbá ìyàwó, ojú tó máa fi wo ọmọ wa kò ní rí bákan náà mọ́." Ọmọ wa ló pè ọ́. Mo ti ní kò kọ́ ọmọ, òun sì ń dáàbò bo ọmọ mi nínú ilé ara rẹ̀. Mo bi í bóyá Káyọ̀dé sọ fún un pé ìwọ lo dá ọ̀rọ̀ ọkọ̀ lábàá. Ó ní ohun tí Káyọ̀dé sọ fún òun ni pé Káyọ̀dé fúnra rẹ̀ ni. Ìyẹn ni pé ọmọ náà pa irọ́ kan ṣoṣo yìí fún bàbá méjèèjì. Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, ojú ń tì mí.

Nítorí náà, gbọ́ ìmọ̀ràn mi. Mi ò tò ó dáadáa, bó ṣe ń wá ni mo ṣe ń kọ ọ́.

Èkíní ni àgádágodo. Ìwọ kì í ṣe ọmọdé mọ́, mi ò ní kí o máa gba àṣẹ lọ́wọ́ mi tàbí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ibikíbi tí o bá fẹ́ wọ̀, so orúkọ rẹ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹnì kan ṣoṣo ti tó. Mẹgáàdì yẹn ì bá tó: "A ń gun ọkọ̀ o, ìrọ̀lẹ́ la máa dé." Bí o bá sì bínú jáde nínú ilé ọkọ rẹ lọ́jọ́ kan, torí ọjọ́ náà ń bọ̀, sọ ibi tí ò ń lọ kí o tó gbá ilẹ̀kùn. O lè fi ìbínú sọ ọ́. Ṣáà sọ ọ́. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ràn rẹ máa fi bàtà rẹ mọ ibi tí o wà.

Èkejì ṣòro fún mi. Nígbà tí ọkọ rẹ dọ̀bálẹ̀ sórí yẹ̀pẹ̀, o dúró, o di àgbọn mú. Kí ló dé tí o ò ní "Èmi ni"? Mo mọ̀ ọ́n. Ojú mi ló bà ọ́ lẹ́rù. O wọ omi tí ẹ̀rù ò bà ọ́, o wá dé ọ̀dọ̀ mi, ẹ̀rù bà ọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí, apá tèmi sì wà níbẹ̀, mo gbà. Síbẹ̀, má jẹ́ kó mọ́ ọ lára. Ọkùnrin tó fẹ́ràn rẹ lè gbé ẹ̀bi rẹ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, inú rẹ̀ á máa dùn. Tó bá di gbogbo ìgbà, lọ́jọ́ kan á gbé e sílẹ̀ níbi tí o ò rò. Tètè máa sọ pé ìwọ ni. Ó máa ń ya ọkọ lẹ́nu, ó sì máa ń dùn mọ́ ọn nínú ju ọbẹ̀ lọ. Ìyá rẹ ti ń ṣe é fún mi láti ọjọ́ tó ti pẹ́, mo ṣì ń gbádùn rẹ̀.

Sọ fún Káyọ̀dé pé mo mọ̀ pé ó parọ́ fún mi. Sọ fún un pẹ̀lú pé irọ́ náà wù mí, àmọ́ kó má parọ́ fún mi mọ́.

Òmíràn: bí ẹ̀yin méjèèjì bá jà, má tètè pè mí. O ti rí bí mo ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀yin á ti parí ìjà kí ilẹ̀ tó ṣú, èmi á ṣì máa ra àgádágodo kiri. Jẹ́ kó tutù kí o tó sọ fún mi, tàbí kí o sọ fún ìyá rẹ, ó mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó dé etí mi.

Ti omi ńkọ́? Mo rò ó pé kí n kọ ọ́ síbí pé o ò gbọ́dọ̀ débẹ̀ mọ́. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, o lè rí ibi tí mo ti pa á. Èmi ni mo gbé ọ kọjá pákó yẹn títí ẹsẹ̀ rẹ fi gbàgbé pé ó lè tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ̀rù yẹn bá ti lọ lóòótọ́, má wá a kiri mọ́, má sì gba tèmi dípò rẹ̀. Tí ẹ bá tún fẹ́ lọ, ẹ lọ. Àmọ́ ìyá rẹ sọ fún mi pé ẹ̀wù kan ṣoṣo tó ń mú èèyàn léfòó ni atukọ̀ yẹn ní, ìwọ lo wọ̀ ọ́, ọkọ rẹ ò wọ nǹkan kan. Kò gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Tí kò bá sí méjì, ẹ jókòó létí omi kí ẹ jẹ àgbọn yín níbẹ̀.

Tí kò bá sí mẹ́ta ni kí n sọ. Ohun tó tún yà mí lẹ́nu rèé, mo fi í pamọ́ di ìsàlẹ̀ ìwé. Nígbà tí ìyá rẹ sọ ọ̀rọ̀ yín tán lọ́jọ́ Sátidé, ó ní òun ò rí òkun rí láyé òun, pé láti ìgbà tí èmi àti òun ti fẹ́ra wa, tí a jí lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìgbéyàwó, òun ti ń retí pé màá ní ká lọ ibì kan. Kò sọ fún mi rí. Ó ti bẹ Káyọ̀dé lórí fóònù pé kó mú òun dé erékùṣù yẹn. Tí o bá ṣí báàgì rẹ̀, wàá rí fìlà koríko ńlá kan níbẹ̀, ó rà á ní Sángo. Mi ò tíì sọ nǹkan kan lórí rẹ̀. Mo kàn ń wò ó ni.

Ó kù kan. Wo inú àpò ìwé yìí dáadáa, kọ́kọ́rọ́ kékeré kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ti àgádágodo géètì ni. Mẹ́ta ni wọ́n tà á pọ̀, ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi, ọ̀kan wà lọ́wọ́ ìyá rẹ. Ẹ̀kẹta nìyẹn. Fún ọkọ rẹ. Sọ fún un pé ìgbàkígbà tó bá dé Ọ̀tà, kó má dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, kó ṣí i, kó wọlé, kódà bí mi ò bá sí nílé. Bó bá bá mi nílé, kó má dọ̀bálẹ̀ o, mo ti dọ̀bálẹ̀ tó fún gbogbo wa.

Ìwọ ò ní kọ́kọ́rọ́ nínú rẹ̀. Tí o bá dé, kan géètì, kí o dárúkọ ara rẹ sókè, kí n gbọ́ pé o ti dé. Màá wá ṣí i.

Bàbá rẹ tó ń retí ìpè rẹ láàárọ̀ ọ̀la, bàtà ẹsẹ̀ kan lẹ́sẹ̀.